Kò Ku Bíríkìlà Kan n'Ìbàdàn

Challenge ni, n'Ìbàdàn, lọ́dún tí àwọn ilé alájà tí wọ́n ń kọ́ ní Ring Road dúró lójú kan títí koríko fi hù lórí wọn. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ń retí ẹni tó máa gbà wọ́n síṣẹ́. Káfíńtà gbé ayùn síwájú, akunlé gbé búrọ́ọ̀ṣì, kí gbogbo ayé lè mọ iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe. Gbádérọ̀ bíríkìlà nìkan ni kò gbé nǹkan kan síta. Ó jókòó lórí àpò ìrìnàjò, ó fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bí ìjòyè. Àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Akínbíyìí, tí eruku sìmẹ́ńtì bo ṣòkòtò rẹ̀, dúró tì í.

AKÍNBÍYÌÍ: Ọmọ mi, o kú ìjókòó. Ṣé a lè rí bíríkìlà níbí?

GBÁDÉRỌ̀: Ẹ ń wá àwọn ẹgbẹ́ yín, àbí? Mo ti rí sìmẹ́ńtì lára ṣòkòtò yín. Ẹ jókòó, bàbá, kí n là yín lọ́yẹ̀. Kò ku bíríkìlà kan n'Ìbàdàn!

AKÍNBÍYÌÍ: Yéè! Kí ló pa wọ́n?

GBÁDÉRỌ̀: Wọ́n lọ Àbújá ni! Ibi tí ìjọba bá lọ ni iṣẹ́ ilé kíkọ́ ń tẹ̀lé e lọ. Òtẹ́ẹ̀lì, báǹkì, ọ́fíìsì, ọ̀hún ni gbogbo rẹ̀ wà. Èkó ṣì ń rí díẹ̀ ṣe. Ìbàdàn ńkọ́? Àdán ló ń gbé inú gbogbo ilé tuntun wa.

AKÍNBÍYÌÍ: Àbúrò mi wà l'Àbújá. Ó ní bíríkìlà ibẹ̀ ti pọ̀ ju búlọ́ọ̀kù lọ.

GBÁDÉRỌ̀: Ẹ má dá a lóhùn. Bíríkìlà tó bá ṣì wà n'Ìbàdàn títí dòní, kò mọṣẹ́. Kó lọ máa ta gúgúrú.

AKÍNBÍYÌÍ: Hẹn-ẹn. Ìwọ ńkọ́? Mi ò rí irinṣẹ́ níwájú rẹ, mo rò pé èrò ọkọ̀ ni ọ́.

GBÁDÉRỌ̀: Bíríkìlà ni mí, Àbújá ni mò ń lọ. Tírọ́wẹ̀lì mi wà nísàlẹ̀ gààrí nínú àpò. Èmi kì í gbé e síta bí ẹni tó ń tọrọ báárà.

AKÍNBÍYÌÍ: Ṣùgbọ́n ọkọ̀ Èkó ló ń kúrò ní Challenge. Ìwó Road lèèyàn ti ń wọkọ̀ òkè Ọya.

(Gbádérọ̀ sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó fi í ha ilẹ̀.)

GBÁDÉRỌ̀: Mo mọ̀.

AKÍNBÍYÌÍ: O mọ̀?

GBÁDÉRỌ̀: Bàbá, mi ò fẹ́ lọ. Ọjọ́ ìkúnlẹ̀ Láwùmí, ìyàwó mi, ti sún mọ́lé, ojú sì ń tì mí láti sọ pé mi ò lọ mọ́. Láràárọ̀ ni mò ń kí i pé ó dìgbà, Láwùmí á sunkún, á di gààrí fún mi. Màá wá jókòó síbi tí ọkọ̀ Àbújá kì í dé. Tó bá dìrọ̀lẹ́, màá padà sílé, màá ní ọkọ̀ kún. Láàárọ̀ yìí kò tiẹ̀ sunkún mọ́. Ó ní bí mo bá ń ti Àbújá bọ̀ nírọ̀lẹ́, kí n bá òun ra ata.

(Akínbíyìí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.)

AKÍNBÍYÌÍ: Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ìwọ ò tiẹ̀ dé oko! Ó dáa. Agbaṣẹ́ṣe lèmi. Báǹkì kan là ń kọ́ ní Dùgbẹ̀, ó máa tó ọdún kan kó tó parí. Bíríkìlà ni mo wá wá. Ṣùgbọ́n o ti là mí lọ́yẹ̀ pé èyí tó bá kù n'Ìbàdàn kò mọṣẹ́. Jẹ́ kí n sáré dé Ìwó Road, bóyá màá bá àwọn tó mọṣẹ́ kí wọ́n tó wọkọ̀. Ó dìgbà o, ará Àbújá!

(Ó kọjú sí ọkọ̀ rẹ̀ tó kó sìmẹ́ńtì lódìkejì títì. Gbádérọ̀ da àpò délẹ̀, gààrí fọ́n ká. Ó na tírọ́wẹ̀lì sókè, gààrí ṣì ń dà lára rẹ̀.)

GBÁDÉRỌ̀: Ọ̀gá! Ọ̀gá mi! Ẹ ṣàánú mi, ẹ dúró!

AKÍNBÍYÌÍ: Ṣé o ò wá lọ Àbújá mọ́ ni?

GBÁDÉRỌ̀: Ẹnu mi nìkan ló lọ, ọ̀gá! Ọwọ́ mi ò kúrò n'Ìbàdàn rí!

AKÍNBÍYÌÍ: Ó yá, gòkè sẹ́yìn ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu yẹn, jẹ́ kó ṣì wà l'Àbújá níbẹ̀.