Ta Ni Kámẹ́rà Tuntun Yóò Ṣe Láǹfààní?

Àlàájà Ànísátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń ta àǹkárá ní Grand Marché, ọjà ńlá Niamey, ẹnu rẹ̀ sì mú ju sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ lọ. Lùkúmàn, tí wọ́n bí sí àdúgbò Boukoki nílùú náà, ló máa ń ya àwòrán aṣọ rẹ̀ fún àwọn oníbàárà tó wà ní Agadez àti Zinder. Lónìí, ó yá kámẹ́rà tuntun kan wá; bí Àlàájà bá fún un níṣẹ́ ọdún yìí, yóò rà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di dandan kó dá a padà fún oníkámẹ́rà kí ilẹ̀ tó ṣú.

"Àlàájà, ẹ kú ọjà o. Ẹ wo nǹkan!"

"Mo rí i. Ṣé kámẹ́rà àná kọ́ nìyí?"

"Rárá o! Ojú gíláàsì rẹ̀ nìkan ni ti tẹ́lẹ̀. Boîtier yìí, ara rẹ̀ gan-an, tuntun ni."

"Ojú àtijọ́ lára tuntun. Baba arúgbó wọ jíǹsì."

Lùkúmàn rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn ún díẹ̀.

"Àlàájà, nínú òkùnkùn pàápàá, ó ń ríran."

"Ọ̀sán gangan ni mo ń tajà. Olè ni kó o lọ gbé e fún."

"Nǹkan tó bá ń sáré, kì í bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹṣin o, ràkúnmí o!"

"Lùkúmàn, wo aṣọ yìí dáadáa. Ṣé ó ń sáré?"

"Kò sáré, Àlàájà."

"Tó bá jẹ́ pé ó ń sáré ni, ì bá máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí Agadez, n kì bá máa wá ọkọ̀ fún un."

"Àwòrán rẹ̀ lè tóbi tó ògiri!"

"Inú tẹlifóònù ni wọ́n ti ń wò ó. Ta ló ní tẹlifóònù tó tó ògiri?"

Lùkúmàn gbé kámẹ́rà lé orí aṣọ, ó sorí kọ́. Àánú rẹ̀ ṣe Àlàájà.

"Haba, ọmọ mi! Mo kàn ń fi ọ́ ṣeré ni. Ó dáa, àǹfààní wo ló máa ṣe èmi?"

"Wàláì, àwọn oníbàárà yín á rí aṣọ bó ṣe rí gan-an. Ẹ jẹ́ n ya ẹyọ kan, torí Ọlọ́run."

Àlàájà tẹ́ àǹkárá aláwọ̀ ewé kan sílẹ̀, èyí tó ń pè ní ojúlówó Hòlandì fún gbogbo ayé. Lùkúmàn yà á. Ó tẹ bọ́tìnnì, àwòrán náà ń tóbi sí i.

"Ẹ wò ó! Òwú rẹ̀ hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ tún wo etí aṣọ, lẹ́tà wínníwínní tí kámẹ́rà mi àtijọ́ máa ń sọ di ìlà dúdú. Èyí ṣeé kà!"

"Kí ló kọ?"

"'Fabriqué en Chine.' Àlàájà, Ṣáínà ni wọ́n ti ṣe é!"

Àlàájà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo kámẹ́rà náà bí ẹni ń bo ọmọ aláròká lẹ́nu.

"Rọra sọ̀rọ̀! Iṣẹ́ ọdún yìí, mo ti gbé e fún ọ."

"Alihamudulilahi! Ẹ ṣé gan-an, Àlàájà. Ẹ jẹ́ n sáré lọ rà á!"

"Ra kí ni? Tètè lọ dá a padà. Èyí àtijọ́ tí kò mọ̀wé yẹn ni kó o máa gbé wá!"