Kọ̀ǹpútà Tí Kò Mọ̀ Pé Iná Ti Lọ

Ẹni tó bá pe alága gbọ̀ngàn àdúgbò ní alága lásán, kò ní dá a lóhùn. Baba Ayélujára ni orúkọ tó sọ ara rẹ̀. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ilẹ̀kùn, ó wá lẹ̀ fọ́tò ara rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí àṣìṣe má baà sí.

Kọ̀ǹpútà mẹ́wàá ni ẹgbẹ́ aláàánú kan gbé wá lọ́dún tó kọjá, kí àwọn tí kò ní lè rí ìkan lò. Ọjọ́ tí wọ́n kó wọn wọ gbọ̀ngàn náà ni Baba Ayélujára ti ilẹ̀kùn pa, tó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn bíi góòlù. Gbogbo ẹni tó bá béèrè, á ní kì í ṣe nǹkan tí ọwọ́ gbogbo ayé ń kàn.

Ìyá Aránṣọ ti bẹ̀ ẹ́ títí ó fi sú u. Orí ayélujára nìkan ni wọ́n ti ń kọ fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí ọmọ rẹ̀ obìnrin fẹ́ wọ̀, aago mẹ́rin ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n sì máa tì í. Fóònù tó wà nílé wọn ò mọ̀ ju kó pe ènìyàn, kó tan tọ́ọ̀ṣì lọ.

Àfi bí Baba Ayélujára ṣe yọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ náà, tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ìyá Aránṣọ, àwọn tó fún wa ní kọ̀ǹpútà ń bọ̀ wá wò ó. Ẹ wá bá wa jókòó nídìí ìkan. Tí wọ́n bá ti lọ, ẹ kọ fọ́ọ̀mù yín."

"Mi ò mọ̀ ọ́n lò, sà."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ lò ó? Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ẹ má dáwọ́ dúró."

Ìgbà tó jókòó ló tó yé e. Baba Ayélujára ti gé àwòrán aláràbarà, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ojú kọ̀ǹpútà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kí wọ́n lè jọ èyí tó ń ṣiṣẹ́. Kò sí èyí tó tàn rí nínú wọn.

"Òdòdó ni tèmi," atúnbàtàṣe tó jókòó tì í rọra sọ. "Kí ni tiyín?"

"Ọkọ̀ ojú omi."

"Ẹ gbádùn o. Ẹ̀yin ti ń rìnrìn àjò."

Aago méjì ààbọ̀ kọjá kí àwọn àlejò tó dé. Obìnrin kan tó wọ awò ojú ló ṣíwájú wọn. Baba Ayélujára na ọwọ́ sí àwọn ènìyàn rẹ̀.

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó, mà. Èmi ni mo máa ń lé wọn kí wọ́n tó lọ sílé."

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni iná lọ. Fáànù dúró, gílóòbù kú. Àwọn mẹ́wàá tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Atúnbàtàṣe tilẹ̀ fi kún ìyára.

"Alága, iná ti lọ," obìnrin náà sọ.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, mà. Kọ̀ǹpútà tiwa ò mọ̀ pé iná lọ. Èmi ni mo tò ó bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Aránṣọ. "Mà, kí lẹ̀ ń tẹ̀?"

Baba Ayélujára ń ṣẹ́jú sí i ṣáá. Tó bá tú àṣírí, ọkùnrin yìí lè lé e jáde. Tó bá sì parọ́, àwọn àlejò ò ní tètè lọ, aago mẹ́ta sì ti kọjá. Ó dáwọ́ dúró.

"Mi ò tẹ nǹkan kan, mà. Ìwé ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Fọ́ọ̀mù ọmọ mi ni mo bá wá, aago mẹ́rin ni wọ́n máa tì í."

Obìnrin náà fi èékánná ṣí etí ìwé náà, ọkọ̀ ojú omi bọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín bú lójú fèrèsé, níbi tí àdúgbò ti ń yọjú.

"Ìwé tó ń gba eruku ni," Baba Ayélujára sọ.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta ààbọ̀ lù, iná dé. Obìnrin náà ní, "Alága, ẹ tan èyí fún wa."

Baba Ayélujára wo iwájú rẹ̀, ó wo ẹ̀yìn. Ó gbé máòsì, ó wo abẹ́ rẹ̀. Níkẹyìn, ó kan orí kọ̀ǹpútà náà lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni ń kanlẹ̀kùn.

"Bóyá kò sí nílé," atúnbàtàṣe sọ.

Obìnrin náà gba kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn rẹ̀. Ó tan kọ̀ǹpútà náà fúnra rẹ̀, ó fi fóònù rẹ̀ fún un ní ayélujára, ó sì jókòó ti Ìyá Aránṣọ. Lẹ́tà kan, lẹ́tà kan, ìka kan ṣoṣo. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni fọ́ọ̀mù náà lọ. Inú Ìyá Aránṣọ dùn débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta la fẹ́ kọ́kọ́ kọ́?" obìnrin náà béèrè.

Gbogbo ojú fèrèsé ló dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Baba Ayélujára!" Wọ́n tì í síwájú, wọ́n ṣí ìwé ojú kọ̀ǹpútà mìíràn, ó jókòó nídìí rẹ̀, òógùn bò ó. Ìyá Aránṣọ mú ìka rẹ̀, ó gbé e lé bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tan kọ̀ǹpútà.

"Ibí yìí ni, sà. Ẹ tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà mọ́lẹ̀.

"Ẹ ṣeun, mà," Baba Ayélujára sọ.