Ẹni Tó Jẹ Ìdáhùn Àdúrà Àrínọlá

Ẹjọ́ kan ti ẹnu òjò bọ́ sí ààfin lánàá. Ààfin tí à ń wí yìí, ilé kékeré kan ni ní Ìdí-Àgbọn lẹ́yìn Lákọwé, Baálẹ̀ ibẹ̀ kò sì dé adé rí, fìlà ló ń dé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pè é ní ilé lásán, kó má retí pé ẹjọ́ òun yóò dùn.

Ẹ mọ bí òjò ṣe ń ṣe ní agbègbè yìí. Láti ìgbà tí títì márosẹ̀ ti dé, tí wọ́n ti fi yanrìn dí irà káàkiri, gbogbo ohun tó ń gbé inú ilẹ̀ ti di aláìnílé. Òjò kan rọ̀ báyìí, aáyán á gorí tábìlì, eku á sùn sínú bàtà, ìjàlọ á tò kọjá lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé àwọn ló ń sanwó ilé. Ìyẹn ṣì ṣeé fara dà. Ti èsunsun ló le, ikán abìyẹ́ tó máa ń jáde lẹ́yìn òjò, tó sì máa ń tẹ̀lé iná. Èsunsun dùn lẹ́nu, ohun tó bá sì dùn lẹ́nu kì í pẹ́ di ẹjọ́.

Àrínọlá ló pe ẹjọ́. Aránṣọ ni, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni pẹ̀lú. Sùtánà rẹ̀ funfun báláú, ẹsẹ̀ lásán ló sì fi la ẹrẹ̀ kọjá dé ààfin. Ẹni tó pè lẹ́jọ́ ni Bọ̀sún, bíríkìlà tó ti Ìkirè wá síbi iṣẹ́ ilé kíkọ́, tí yàrá rẹ̀ fara ti tirẹ̀.

"Kí fìlà pẹ́ lórí o, Baálẹ̀," ni Àrínọlá wí lórí ìkúnlẹ̀. "Bọ̀sún jẹ ìdáhùn àdúrà mi."

Baálẹ̀ gbójú sókè. "Ó ṣe kí ni?"

"Ó jẹ ẹ́, sà. Ó tún fi iyọ̀ sí i."

Ọ̀tún Baálẹ̀ sún mọ́ ìdí ọ̀rọ̀. "Ṣé àdúrà ṣeé dín ni?"

"Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, sà. Òjò dá nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, wọ́n sì ti mú iná lọ. Mo tan àbẹ́là sẹ́nu ọ̀nà mi, mo gbàdúrà. Mo ní, 'Olúwa, rán olùrànlọ́wọ́ sí mi, má jẹ́ kó pẹ́.' Mi ò tíì ṣe àmín tán tí èsunsun fi bo gbogbo ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń fò, wọ́n ń já lulẹ̀, bíi mánà! Mo ní ìdáhùn rèé. Mo sáré wọlé lọ mú abọ́. Kí n tó jáde, ọkùnrin yìí ti gbé báàfù olómi sábẹ́ àbẹ́là mi, ó ti kó gbogbo rẹ̀."

"Bọ̀sún, kí lo rí wí sí i?"

Bọ̀sún dọ̀bálẹ̀. "Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Mo kó o lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi Àǹtí: bó bá jẹ́ tiwọn ni, kí ló dé tí wọ́n fi ní ìyẹ́? Ohun tó ní ìyẹ́, ibi tó wù ú ló ń bà sí. Inú omi mi ni wọ́n bà sí. Ìkankan nínú wọn ò bọ́ sínú abọ́ Àǹtí."

"Abọ́ mi ṣì wà nínú ilé nígbà yẹn!"

"Ẹ ò rí i? Ẹ̀yin ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níta, èmi ni mo dúró tì wọ́n."

Baálẹ̀ wúkọ́ díẹ̀. "Ṣé ó kù?"

Bọ̀sún yọ ọ̀rá kan látinú àpò ṣòkòtò, òórùn dídín sì gba ààfin kan. "Mo tọ́jú díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, sà."

"O ṣe dáadáa. Kọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ yẹ ẹ̀rí wò."

Baálẹ̀ yẹ ẹ̀kúnwọ́ kan wò, ó ń jẹ ẹ́, ó ń mi orí. Ọ̀tún náà yẹ ẹ̀kúnwọ́ kan wò. Ọ̀rá náà kọjá sọ́wọ́ Bàbá Ògúnkúnlé, ẹgbẹ́ Baálẹ̀, onílé tí Àrínọlá àti Bọ̀sún jọ ń gbé nínú ilé rẹ̀. Ìyẹn yẹ ẹ̀kúnwọ́ méjì wò, ó ní ẹ̀kúnwọ́ kan ò tó láti mọ òótọ́.

Ìgbà náà ni Àrínọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé onílé wà níjòókòó. Ẹ̀pẹ́ ló rò pé bàbá náà wà! Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń bà á lẹ́rù fún yín. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni aṣọ kan ti bo ẹnu ọ̀nà Àrínọlá, kì í ṣe fún oge. Ikán ti jẹ férémù ilẹ̀kùn rẹ̀ láti inú títí ó fi di ìyẹ̀fun. Bàbá Ògúnkúnlé sì ti wí i ní gbangba, nígbà tí ikán jẹ òrùlé ilé rẹ̀ kejì, pé tẹ́náǹtì tí òun bá tún bá ikán lọ́dọ̀ rẹ̀, kó kó ẹrù rẹ̀. Níbo ni yóò gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lọ nínú òjò? Nítorí férémù yẹn gan-an ló ṣe ń bẹ Ọlọ́run fún olùrànlọ́wọ́. Inú ló bí i jù lánàá tí kò fi rántí pé bí a bá ń fa èsunsun, a lè bá ikán níbẹ̀.

"Baálẹ̀," ó ní wẹ́rẹ́, "bóyá kí a fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo ti dárí jì í."

"Kò tíì tó àkókò ìdáríjì. Ẹlẹ́rìí dà?"

Fúnláyọ̀, tẹ́náǹtì inú ilé kan náà, bọ́ síwájú. "Láti ojú sánmà ni wọ́n ti wá, Baálẹ̀. Mo fojú ara mi rí i. Wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ tààrà sórí Àǹtí Àrínọlá."

"Níbo lo dúró sí?"

"Abẹ́ aṣọ ìbora mi, sà. Òtútù ń mú mi."

"Ojú wo lo wá fi rí ojú sánmà?"

"Ojú ìgbàgbọ́, sà."

Baálẹ̀ ní kó lọ jókòó, kó máa fi ojú ìgbàgbọ́ náà wo ìyókù ẹjọ́. Ó pe Clement, sẹ́kúríìtì ẹnu géètì ẹ́sítéètì, tí òun náà ń gbé inú ilé yẹn.

"Irọ́ ni, sà," ni Clement wí. "Inú ilẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Mo ń bọ̀ láti ibiṣẹ́, mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ihò kan wà lẹ́sẹ̀ ògiri, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tú jáde bí èrò ìsọjí."

"Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ibẹ̀. Ògiri ta ló lanu?"

Àrínọlá ń ṣẹ́jú sí Clement, ó ń ṣẹ́ ẹ léraléra. Clement wò ó, ó rò pé kòkòrò kó sí i lójú.

"Ti Àǹtí Àrínọlá, sà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù tí wọ́n faṣọ bò yẹn."

"Clement, ṣebí o ní oorun ń kùn ẹ́ lọ́jọ́ náà?"

"Oorun ń kùn mí, Àǹtí, ṣùgbọ́n tọ́ọ̀ṣì mi ò sùn."

Bàbá Ògúnkúnlé dẹ́kun jíjẹ. "Férémù wo? Aṣọ wo?" Ó dìde dúró. "Àrínọlá! Ọmọ ikán ni èsunsun. Láti ìgbà tí o ti dé lo ti ń pariwo pé ìwọ lo ni ín. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ni ọmọ ló ni ìyá. Ìwọ lo ń sin ikán nínú ilé mi. Kó ẹrù ẹ!"

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní wọn mọ́! Mo ti fi wọ́n sílẹ̀ fún Bọ̀sún!"

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Àrínọlá ò lè rẹ́rìn-ín. Ojú tì í, ẹ̀rù bà á, omi sì lé rorò sójú rẹ̀. Ó wo ẹrẹ̀ tó wà lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀, ó ń ronú pé ẹsẹ̀ òun náà ni òun fi rìn wá lé ara òun jáde nílé.

Bọ̀sún náà ò rẹ́rìn-ín. Bíríkìlà ni, ó ti mọ̀ nípa férémù náà tipẹ́. Àràárọ̀ ló ń rí i bí Àǹtí ṣe ń tún aṣọ náà fà bò ó, kò sì sọ fún ẹnì kankan.

"Baálẹ̀," ó ní, "èmi ni mo ni wọ́n. Èsunsun ni o, ikán ni o, títí kan ihò. Inú omi mi ni wọ́n kú sí, inú ikùn mi ni mo sin wọ́n sí. Kò sí ẹbí tó tún ju ìyẹn lọ."

Àrínọlá yíjú wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

"Kò burú," ni Bàbá Ògúnkúnlé wí. "Ìwọ náà, kó ẹrù ẹ. Ẹ jọ máa lọ."

Baálẹ̀ gbọ́wọ́ sókè kí ààfin lè dákẹ́. Bí ó ti ń gbé e bọ̀ wálẹ̀, ó tọwọ́ bọ ọ̀rá. Òfìfo ló bá. Ó tú ọ̀rá náà wò nínú lóde.

"Ta ló jẹ ẹ̀rí tán?"

Ọ̀tún ń wo àjà. Bàbá Ògúnkúnlé ń wo ilẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹ́ kan ṣì lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n rẹ̀.

"Ó yé mi," ni Baálẹ̀ wí. "Àrínọlá, kí lo ní o tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run?"

"Olùrànlọ́wọ́, sà."

"Ìdáhùn náà dà?"

"Wọ́n ti jẹ ẹ́, sà."

"Ǹjẹ́ ìdáhùn àdúrà máa ń ṣòfò?"

"Rárá o, sà. Láéláé!"

"Nígbà náà, ó wà nínú àwọn tó jẹ ẹ́. Ẹ gbọ́ ìdájọ́ mi. Ẹni tó bá gbé ìdáhùn àdúrà ẹlòmíràn mì, òun fúnra rẹ̀ ti di ìdáhùn. Bọ̀sún ló jẹ jù: òun ni yóò gbẹ́ ihò náà, yóò dí i, yóò rẹ́ ògiri náà dáadáa. Ọ̀tún jẹ ẹ̀kúnwọ́ kan: kó lọ gba ọ́ìlì dúdú wá lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí wọ́n dà á sínú ihò kí ikán má padà. Ògúnkúnlé jẹ ẹ̀kúnwọ́ méjì: férémù tuntun, ilẹ̀kùn tuntun."

Bàbá Ògúnkúnlé lanu. "Èmi kẹ̀? Mi ò mọ̀ pé àdúrà ni mò ń jẹ o! Ẹ̀rí lẹ ní ó jẹ́!"

"Ẹnu tó bá jẹ dòdò kì í sọ òdodo. O jẹ ọmọ tán, o wá ń lé ẹni tí ìyá wọn ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Bó bá wù ọ́, lé e. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, wàá kọ́kọ́ pọ àdúrà rẹ̀ jáde fún un níhìn-ín, níṣojú gbogbo wa, pẹ̀lú iyọ̀ rẹ̀."

Bàbá Ògúnkúnlé ronú sí i. Ó fọwọ́ pa ikùn, ó tún jókòó.

Inú Àrínọlá dùn débi pé ó gbàgbé ara rẹ̀. "Baálẹ̀, ṣebí ẹ̀yin náà jẹ níbẹ̀?"

"Mo jẹ. Ẹjọ́ tí mo dá yìí ni ìrànlọ́wọ́ tèmi." Baálẹ̀ tún fìlà rẹ̀ ṣe. "Ìwọ náà ò sì ní lọ lófo. O jẹ̀bi: ẹni tó bá ń gbàdúrà, kó gbé abọ́ dání. Bí òjò bá tún dá, ìwọ àti Bọ̀sún ni kí ẹ jọ gbé báàfù náà, kí ẹ sì gbé ti kọ́ọ̀tù wá."

Nírọ̀lẹ́ àná, òjò tún ń ṣẹ́ wẹliwẹli. Bọ̀sún ń po sìmẹ́ńtì lẹ́nu ọ̀nà Àrínọlá, Bàbá Ògúnkúnlé sì ń fi okùn wọn ibi tí férémù yóò wà, ó ń kùn lábẹ́ imú. Wọ́n mú iná lọ. Àrínọlá dìde nídìí ẹ̀rọ rẹ̀, ó mú àbẹ́là, ó mú abọ́, ó sì kúnlẹ̀.

Bàbá Ògúnkúnlé sáré ká okùn. "Kí lo tún fẹ́ tọrọ?"

"Òrùlé tó ń jò ni, sà."

Bàbá náà fọwọ́ bo ẹnu, ó dì í mú ṣinṣin, ó sì gba inú òjò lọ sílé.