Bí Mo Ṣe Pa Ìyá Àgbà Inú Ìwé

Sátidé kan wà tí kò lè kúrò lọ́kàn mi láéláé: ọjọ́ tí mo pa ìyá oníyàá nínú yàrá ìkàwé kan ní Yábàá, tí mo sì ní kí gbogbo ènìyàn dìde dúró fún un.

A dá ẹgbẹ́ òǹkàwé kékeré kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà nìkan là ń kà, ọ̀kan lóṣù. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe. Èmi ni mo kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ gboyè, n kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Màmá Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ló dàgbà jù. Aránṣọ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, ìwé oṣù yẹn sì ni ìwé ìtàn àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kà láyé wọn. Ìtàn ìyá àgbà kan ni, tó ń fọṣọ fún àwọn òyìnbó kó lè tọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀. Màmá ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti sọ ìyá náà di ọ̀rẹ́. "Ọ̀rẹ́ mi tún ti bá ọ̀gá ẹ̀ jà o!" ni wọ́n máa ń wí bí wọ́n bá ti wọlé.

Èmi ni wọ́n ní kí n ṣáájú ìjíròrò lọ́jọ́ náà. N kò tíì kà á dé ìdajì. Ibi tí wọ́n ti gbé ìyá àgbà lọ sílé ìwòsàn ni mo dé tí oorun fi gbé mi lọ. Ṣùgbọ́n lójú èmi ọ̀mọ̀wé, kò sí bí arúgbó ṣe lè wọ ilé ìwòsàn nínú ìwé aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kó tún jáde láàyè. Ṣebí ìyà nìkan ni wọ́n ń kọ.

Mo bá dìde, mo sọ bí ikú ìyá náà ṣe dúró fún ikú odidi ìran kan. Mo ń retí ẹni tó máa ta kò mí. Kàkà bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan mi orí lẹ́bàá fèrèsé: "Ẹ̀gbọ́n, ikú yẹn pa mí lẹ́kún gan-an." Ẹlòmíràn ní òun ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ tóun kà á. Orí mi wú. Mo ní ká dìde fún ìṣẹ́jú kan.

Màmá nìkan ni kò dìde. Wọ́n yọ awò ojú wọn, wọ́n pa ìwé dé. "Mi ò ka ìwé kankan mọ́ láyé mi. Ẹ bá mi dá a padà." Wọ́n gbé báàgì, ó di ìta.

A ṣì dorí kodò nígbà tí Àǹtí tó ń bójú tó yàrá ìkàwé ti ìdí jẹnẹrétọ̀ wọlé.

"Ta ló kú?"

"Ìyá àgbà inú ìwé ni, mà."

"Èwo? Èyí tó jó níbi ìgbéyàwó ọmọ ọmọ ẹ̀ ní orí tó gbẹ̀yìn?"

Ọ̀dọ́mọkùnrin ẹ̀bá fèrèsé yára ń wá orí tó gbẹ̀yìn nínú ìwé tirẹ̀, tí kò tíì kà débẹ̀. Àǹtí gbọ́ pé Màmá ti lọ, wọ́n fi ìwé náà lé mi lọ́wọ́. "Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó wá síbí! Ìwọ lo pa ọ̀rẹ́ wọn. Lọ jí i."

Ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, Màmá ò ṣílẹ̀kùn. Mo ń pariwo lóde bí oníwàásù: "Màmá, wọn ò kú o!"

"Ṣé o rí wọn ni?"

"Rárá, mà. Mi ò ka ìwé yẹn tán. Irọ́ ni mo pa."

Ìlẹ̀kùn ṣí. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Pẹ̀lú gbogbo gírámà yẹn? Jókòó, kà á sí mi létí. Tó o bá fo ìlà kan, màá mọ̀."

Mo kà á títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ. Nígbà tí ìyá àgbà jáde nílé ìwòsàn, tó ń bá nọ́ọ̀sì jà nítorí bàtà rẹ̀, Màmá kígbe ayọ̀ débi pé àwọn ará ilé sáré wọlé, wọ́n ń béèrè ẹni tó bímọ. Ìwé tí mo ti sọ di ilé ọ̀fọ̀, ẹ̀rín ló kún inú rẹ̀. Èmi ni n kò kà dé ibẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, n kì í sin ẹnikẹ́ni tí n kò tíì dé ojú ìwé ikú rẹ̀. Màmá ti ń ka ìwé kẹta báyìí. Bí mo bá sì ti la ẹnu nínú ẹgbẹ́, wọ́n á ní, "Dúró ná. Ojú ìwé wo lo dé?" Gbogbo ilé á wá bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rín in, kí n má baà dá sunkún.