Ládépò Àkàngbé Gba Ibi Olú Sílẹ̀ Lọ́wọ́ Fọ́tò

Ẹ bá mi kí Ládépò Àkàngbé, ẹ kí i kí ilẹ̀ ó mì, ẹ kí i kí àwọn ẹyẹ orí igi ìṣin ó gbàgbé orin tí wọ́n ń kọ. Ọmọ Akínwándé ni, Akínwándé tó fi bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo pa àkekèé tó yọjú láàárín ìsìn, tí gbogbo ìjọ fi rí ààyè jókòó padà. Ọmọ-ọmọ Ògúndìran ni, Ògúndìran abìjà-kunkun tó bá òbúkọ wọ̀yá ìjà nítorí èlùbọ́ tí wọ́n sá sórí àpáta, tó fi ṣòkòtò sílẹ̀ lójú ogun, àmọ́ tó gbé èlùbọ́ wálé. Irú wọn kì í sá fún ohunkóhun, àfi òjò. Ọlọ́run Ọba tó dá erin, tó dá ọ̀nì, òun náà ló dá àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún Ládépò, kò sì dá a lásán, nítorí iṣẹ́ ńlá tí àtàǹpàkò yìí ṣe ni mo fẹ́ ròyìn fún yín.

Ní Ìdí-Ìṣin tiwa, a máa ń fi ilé han àlejò, a máa ń fi oko hàn án, ṣùgbọ́n ibi tí olú ti ń hù fún ìdílé ẹni, a kì í fi han ẹnikẹ́ni. Ìyá ìyàwó Ládépò, nígbà tí ara ń dara àgbà, fo àwọn ọmọkùnrin tirẹ̀ dá, ó mú ọkọ ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ gba àárín àkùrọ̀ kọjá, ó sì fi ọ̀gán kan hàn án tí olú máa ń yọ yí ká bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti dá, olú tó funfun bíi wàrà, tó tẹ́ bí agboòrùn. Ìyá ní, "Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọkọ́ kan ọ̀gán yìí pẹ́nrẹ́n, kò ní hu olú mọ́. Ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí o."

Ta wá ni ọlọ́kọ́ tí ìyá ń bẹ̀rù? Díákónì Ṣówándé ni, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkórè, onímú gbọọrọ tó ń gbóòórùn olú láti òdìkejì odò, tó máa ń hú ọ̀gán tìdí-tìdí nítorí pé kò ní sùúrù àtidúró de òjò.

Ó di àsìkò ìkórè. Ìjọ wa máa ń tẹ kàlẹ́ńdà, ìdílé kọ̀ọ̀kan á sì mú fọ́tò ohun tí Olúwa fi ta wọ́n lọ́rẹ lóko wá. Ládépò ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀, ó ti ya olú nídìí ọ̀gán, fọ́tò náà sì dára débi pé ebi lè pa ẹni tó bá wò ó. Ni Díákónì bá pè é lórí fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fi ránṣẹ́ bí fọ́tò lásán o, ó máa ń ṣú lójú ìwé. Bíi fáìlì ni kí ẹ fi ránṣẹ́, odindi ẹ̀, bó ṣe jáde nínú kámẹ́rà."

"Odindi lẹ máa rí gbà," ni akọni wa dáhùn, nítorí ọ̀làwọ́ ni wọ́n láti ìran wá. Ó tẹ̀ ẹ́. Òbìrìkìtì kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú fóònù, díẹ̀díẹ̀, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ìdí-Ìṣin kì í kánjú fún ẹnikẹ́ni.

Ìyàwó rẹ̀, Mopélọ́lá, yọjú láti ilé ìdáná. "Bàbá Mofẹ́, kí lẹ ń fi ránṣẹ́ sí Díákónì?"

"Fáìlì fọ́tò olú ni. Má da ara rẹ láàmú, ewé àti ẹrẹ̀ nìkan ló hàn níbẹ̀."

"Ẹ rántí ọkùnrin tó wá ra ẹ̀rọ ìránṣọ mi?"

"Èyí tó jẹ mọ́ínmọ́ín wa tán?"

"Òun ni. Mi ò júwe ilé fún un rárá. Irú fáìlì báyìí ni mo fi ránṣẹ́ sí i, àfi bí mo ṣe rí i lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní fọ́tò náà ló mú òun wá. Ẹ fa tiyín sókè kẹ́ ẹ wo abẹ́ rẹ̀."

Ládépò fà á sókè. Háà, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ọjọ́ tó yà á wà níbẹ̀, wákàtí wà níbẹ̀, orúkọ fóònù wà níbẹ̀, máàpù sì tẹ́ rẹrẹ sábẹ́ gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú àmì pupa kan tó dúró ṣánṣán sórí ọ̀gán ìyá ìyàwó rẹ̀. Òbìrìkìtì sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yí pé.

Ìgbà náà ni ogun bẹ́. Ládépò, ẹkùn tó ń gbé yàrá méjì àti pálọ̀, ìjì tó wọ bùbá ilé, na àtàǹpàkò rẹ̀ bí ọ̀kọ̀ sí àmì tí wọ́n fi ń dá ìránṣẹ́ dúró. Fóònù kò gbọ́, epo àkàrà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó nu ìka mọ́ ṣòkòtò, ó pe Olúwa àwọn ọmọ ogun, ó tún tẹ̀ ẹ́, òbìrìkìtì sì dúró gbọnyin bí ẹṣin tí wọ́n kó níjàánu. Kò sinmi. Ó wọ ibi tí wọ́n ti ń tún fọ́tò ṣe, ó sọ olú di àwọ̀ búlúù, ó gé e lórí, ó tún dá orí rẹ̀ padà, títí ó fi kan ibi tí wọ́n ti ń yọ àdírẹ́sì kúrò. Ó tẹ̀ ẹ́. Àmì pupa kú. Máàpù wọlẹ̀.

"Ẹ fà á sókè lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Mopélọ́lá wí, nítorí kò gba ọkọ rẹ̀ gbọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó fà á, kò sí nǹkan kan. Ó wá fi fáìlì ránṣẹ́, ó sì wọ inú kámẹ́rà lọ, ó gba àṣẹ àtimọ ibi tí a wà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá.

Kí oòrùn tó wọ̀, Díákónì Ṣówándé ti dé.

"Ẹ̀gbọ́n, fáìlì yín dé o."

"Ṣé ó mọ́lẹ̀?"

"Ó mọ́lẹ̀ jù. Mo fà á sókè, mo fà á sísàlẹ̀, olú nìkan ni mo rí."

"Kí lẹ tún ń wá lábẹ́ olú, Díákónì?"

Díákónì fọwọ́ họ orí. Mopélọ́lá gbé iyán àti ọbẹ̀ olú kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó jẹ ẹ́, ó lá ìka, ó wo ìsàlẹ̀ àwo títí bí ẹni tí nǹkan sọnù fún, ó sì dìde.

Nítorí náà, kí ọba gbọ́, kí ìjòyè gbọ́, kí ẹni tó ń ya fọ́tò àti ẹni tó ń gbà á gbọ́: láti òní lọ, ì báà jẹ́ fọ́tò ọmọ níwájú ilé ẹ̀kọ́, ì báà jẹ́ ti ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà, ì báà jẹ́ ti ewúrẹ́ tó bí ìbejì, kò sí èyí tí yóò jáde nílé Ládépò Àkàngbé kó tó bọ́ ibi tó ti wá sílẹ̀ bí ẹní bọ́ bàtà. Ẹni tó bá ń wá ọ̀gán náà, kó gbàdúrà, kó sì gbààwẹ̀ tì í. Bóyá Ọlọ́run á fi hàn án, ṣùgbọ́n fóònù Ládépò kò ní sọ.