Ṣòkòtò Gbọ́lágadé Nídìí Igi Àgbálùmọ̀

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá yín, ẹ̀ ń mi orí bí aláǹgbá. Ẹ fara balẹ̀, n ó sọ ọ́ fún yín. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ bi mí pé ṣé òwe yìí ò ti wà kí kẹ̀kẹ́ tó dé ilẹ̀ wa, kí olúwarẹ̀ dìde wá sọ ìtàn tirẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn, Gbọ́lágadé lorúkọ rẹ̀. Ó fẹ́ fẹ́ Ṣẹ̀gilọlá, ọmọ Ṣakí, ṣùgbọ́n kò tí ì fojú kan bàbá ọmọ náà rí. Bàbá yìí ti fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje nígbà èwe rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ pé òun ò fẹ́ àna tí wọ́n máa fi mọ́tò gbé wá bí àpò gàrí.

"Kó wa kẹ̀kẹ́ wá láti Ìbàdàn, òun nìkan," ni bàbá wí. "Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, bí oòrùn bá kan àtàrí tí n ò rí i, kí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé iṣu wọn, kí wọ́n máa lọ."

Ẹlòmíràn ì bá sunkún. Inú Gbọ́lágadé dùn débi pé kò lè sùn! Ó kó aṣọ òkè rẹ̀ fún àwọn ẹbí tó ń fi mọ́tò bọ̀, ó di àgọ́ kékeré kan sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó wọ ṣòkòtò péńpé àwọn eléré kẹ̀kẹ́, èyí tí wọ́n máa ń rán tìmùtìmù mọ́ nídìí kí ìjókòó kẹ̀kẹ́ má baà bó wọn lára. Ó forí lé ọ̀nà, ó ń súfèé. Ó kọjá Ọ̀yọ́, ó kọjá Ìsẹ́yìn. Gbogbo òkè tó bá gùn tán, á kígbe pé "Àna ń bọ̀ o!", àfi bí ẹni pé ẹnìkan ń gbọ́.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó dé ẹ̀bá abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Gbàgede. Igi àgbálùmọ̀ ńlá kan wà lẹ́bàá odò níbẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní, èso pípọ́n sì wà nílẹ̀ lọ bẹẹrẹ. Wọ́n ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀ sí ìdí igi náà, wọ́n so ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo àti àkísà pupa mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ti mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ààlè ni! Onígi ń sọ pé ẹni tó bá mú èso òun, kí ilé rẹ̀ ṣófo bí ìkarahun, kí ayé jẹ ẹ́ kù bíi ṣùkù. Ọmọ kékeré rí i, á sá. Gbọ́lágadé wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Àwọn ará ibí mà lajú o," ó ní. "Wọ́n ti ri ọ̀pá ìsáṣọ fún arìnrìn-àjò!"

Ó so okùn àgọ́ mọ́ ọn. Ó fọ ṣòkòtò onítìmùtìmù rẹ̀ lódò, ó yí inú rẹ̀ síta, ó sá a bo ìkarahun àti ṣùkù mọ́lẹ̀. Ó wá jókòó, ó jẹ àgbálùmọ̀ títí ètè rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ra, ó ń tu kóró rẹ̀ yí àgọ́ ká. Ó ro Ṣẹ̀gilọlá, ó ro bí òun ṣe máa dé kí oòrùn tó gbóná, ayọ̀ sì gbé e lọ sójú oorun.

Ariwo ló jí i láàárọ̀. Ó yọjú níhò àgọ́: tọkùnrin tobìnrin ló ti yí ṣòkòtò rẹ̀ ká, kò sẹ́ni tó jẹ́ sún mọ́ ọn.

"Ìyá Àwẹ̀ró ti pààrọ̀ ààlè!"

"Kí ni ṣòkòtò wíwú yìí túmọ̀ sí?"

"Ẹ ò rí ìdí ẹ̀ ni? Bí ìdí olè ṣe máa wú nìyẹn!"

"Ilé kékeré ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ibẹ̀ ni ààlè ń sùn."

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Làmídì, tó ti ń jí àgbálùmọ̀ yẹn kó tipẹ́, fọwọ́ méjèèjì gbá ìdí mú. "Yéè! Tèmi ti ń yún mi!" Kíá, àwọn mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́wọ́. Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ rọra fọwọ́ kan ẹ̀yìn, ó ní agbádá lòun ń tún ṣe.

Ìyá Àwẹ̀ró tó ni igi kò mọ ẹni tó so ṣòkòtò yìí, ṣùgbọ́n ìyá náà gbọ́n. Ó fọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ ò tí ì rí nǹkan kan!" ó ní.

Ni Gbọ́lágadé bá jáde, ó ró aṣọ ìbora. Ẹ má gbàgbé pé gbogbo ọjọ́ àná ló fi wa kẹ̀kẹ́. Ìdí rẹ̀ ti wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò pàdé mọ́, ó ń rìn katakata láàrin kóró àgbálùmọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ mú ṣòkòtò..."

"Ẹ wo ìrìn ẹ̀!" Làmídì pariwo. "Ààlè ti mú ọ̀kan!"

"Kẹ̀kẹ́ ló ṣe mí bẹ́ẹ̀!"

"Kẹ̀kẹ́ tí gbogbo wa ń gùn?"

Ìyá Àwẹ̀ró sún mọ́ ọn. "Ọmọ mi, ṣé o ò rí ààlè ni?"

"Ààlè kẹ̀, mà? Mo rí ọ̀pá. Mo rí ìkarahun. Mo rí àkísà. Mo rò pé ẹ fi ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó dárí jì í, ṣùgbọ́n ó kọ̀ jálẹ̀ pé ṣòkòtò kò ní kúrò níbẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti ń pa ààlè, n ò rí èyí tó jẹ́ báyìí rí," ó ní.

Gbọ́lágadé wo òkè. Oòrùn ti ń gòkè! Ó bẹ̀bẹ̀, ó ṣàlàyé pé ìyàwó òun ti fẹ́ bọ́. Níkẹyìn, ìyá náà gbé kẹ̀ǹbẹ̀ ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé wá fún un, kẹ̀ǹbẹ̀ tó lè gba odidi ìdílé kan. Gbọ́lágadé wọ̀ ọ́, ó fò sórí kẹ̀kẹ́, afẹ́fẹ́ kó sínú rẹ̀, ó wú. Àwọn ará Gbàgede sáré tẹ̀lé e, wọ́n ń pàtẹ́wọ́: "Ọkọ ìyàwó, tẹ̀ ẹ́! Tẹ̀ ẹ́!"

Ìjókòó kẹ̀kẹ́ ń gbá a nídìí, ó ń ké, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe wọ àgbàlá àwọn àna rẹ̀ ní Ṣakí, oòrùn kù díẹ̀ kó kan àtàrí. Ó bá a! Ó ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó rí ọkùnrin kan tó wọ agbádá ńlá, tó dúró láàrin àgbàlá, tó tẹjú mọ́ ọn. Gbọ́lágadé nà gbalaja síwájú rẹ̀.

"Bàbá, mo dé o!"

Ọkùnrin náà sún sẹ́yìn díẹ̀, ó kàn ń wò ó. Gbọ́lágadé rò pé wọ́n ń dán òun wò ni, ó túbọ̀ na ara sílẹ̀. Kí a má parọ́, ó tẹ́ ẹ lọ́rùn bẹ́ẹ̀, nítorí kò lè jókòó. Nígbà tó yá, Ṣẹ̀gilọlá wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí.

"Gbọ́lágadé, ta lò ń dọ̀bálẹ̀ fún?"

"Bàbá wa ni."

"Ayàwòrán tá a háyà nìyẹn. O ò rí kámẹ́rà lọ́rùn ẹ̀ ni? Ẹ̀yìn ẹ ni bàbá mi jókòó sí."

Gbọ́lágadé rọra yí orí padà. Bàbá arúgbó kan jókòó lórí àga lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́, kẹ̀ǹbẹ̀ ńlá yẹn sì dojú kọ ọ́ gbọnrangandan. Látìgbà tó ti dé, ìdí ló fi ń kí àna.

Gbogbo ènìyàn ń dúró de ohun tí bàbá máa sọ. Àwọn ẹbí Gbọ́lágadé ti ń wo iṣu wọn. Bàbá wo oòrùn, ó wo kẹ̀kẹ́ tí eruku bò, ó wo ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì ín níkùn.

"Ẹ gbé iṣu wọlé," ó ní. "Ó wa kẹ̀kẹ́ wá lóòótọ́, ìdí rẹ̀ ti jẹ́rìí. Ẹ fún un ní ìyàwó rẹ̀, kí ọmọ mi sì máa fà á lọ́wọ́ kiri ìlú yìí o. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran!"