Ìkéde Onírókò Lórí Èdè Salúmà àti Afárá Odò Àwẹ̀rẹ̀

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè, ẹ gbọ́. Ará Ìsàlẹ̀, ẹ gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú balùwẹ̀, ẹ ṣan ọṣẹ ojú yín, kí ẹ sì gbọ́.

Kábíyèsí Onírókò ti Ìrókòtẹ̀dó ní kí akéde kí yín. Wọ́n ní kó kí yín ní Yorùbá. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: ní Yorùbá. Òfin tó jáde ní ọjọ́ méjìlá sẹ́yìn ti wọlé padà. Wọ́n sì ní kí akéde má fi nǹkan kan pamọ́ nínú ohun tó fà á, kí àwọn tó wà lóko má baà gbọ́ àgbọ́sọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí.

Kábíyèsí yọ̀ ṣubú, ẹsẹ̀ wọn rọ́, dókítà sì ní kí wọ́n jókòó sójú kan fún oṣù kan. Ọmọ wọn obìnrin bá gbé eré kan wá fún wọn láti máa wò lórí tẹlifíṣàn. Àwọn ènìyàn inú eré náà ń gbé lórí òkè tí wọ́n fi iyọ̀ ṣe, wọ́n sì ń gun àdán tó tóbi ju ilé lọ. Salúmà ni èdè wọn. Àwọn tó ṣe eré náà ló jókòó hun ún, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Kò sí ìyá tó fi rẹ ọmọ lẹ́kún rí. Ṣùgbọ́n bí akéde Òkè Iyọ̀ bá la ẹnu, òkúta á kúnlẹ̀.

Kábíyèsí wo èyí, wọ́n rántí akéde tiwọn. Nígbà tó kéde ìmọ́tótó kẹ́yìn, ènìyàn mẹ́ta ló jáde, adìyẹ tó sọnù sì ni ọ̀kan nínú wọn ń wá. Wọ́n ní Yorùbá ti mọ́ ìlú lára jù. Òfin bá jáde.

Ìkíní: èdè Salúmà nìkan ni a ó máa fi kéde. Ìkejì: tọkọtaya tó bá fẹ́ jà níta, Salúmà ni kí wọ́n fi jà, ẹni tí kò bá gbọ́ ọ kó dákẹ́. Ìkẹta: a yọ̀ǹda àwọn àkùkọ títí wọn yóò fi kọ́ ọ. Ẹni tó bá rú òfin yóò jókòó ọjọ́ mẹ́ta níwájú tẹlifíṣàn ààfin, a ó pa ohùn tẹlifíṣàn náà, a ó sì sọ ìparí eré náà fún un kó tó dé ibẹ̀.

Ta ló wá gbọ́ Salúmà ní Ìrókòtẹ̀dó? Fọláwẹ̀ ni, aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wo eré náà tán nídìí maṣíìnì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó gbọ́ ló kọ sínú ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà, tó fi jẹ́ pé ìbàdí ìyàwó Olóyè Ọ̀tún àti orúkọ ọba àwọn àdán wà lójú ewé kan náà. Àwọn ènìyàn ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún méjì. Nígbà tí ìránṣẹ́ ọba dé ìsọ̀ rẹ̀, ó gbàgbé abẹ́rẹ́ sẹ́nu.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Salúmà ní orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n fún idà, kò sì ní "ẹ jọ̀ọ́" kan ṣoṣo. "Ẹ so ewúrẹ́ yín" di "Ẹ de àwọn ẹrú onírùngbọ̀n." Akéde ké e. Kò sẹ́ni tó so ewúrẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn dúró ṣinṣin títí ó fi parí, inú Kábíyèsí sì dùn. Inú Fọláwẹ̀ dùn jù wọ́n lọ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án, òjò rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, olórí àwọn káfíńtà sáré wá sí ààfin. Ó ní àgbàrá ti gbé òpó àárín afárá Odò Àwẹ̀rẹ̀ lọ, pákó orí rẹ̀ nìkan ló kù, ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè kò ní mọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Fọláwẹ̀. Ó ṣí ìwé rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò sí afárá. Kí ni ẹni tó ń gun àdán fẹ́ fi afárá ṣe? Ó bá hun ún bó ṣe lè hun ún: ọ̀nà tó jókòó sórí omi ti kú nínú.

Akéde dúró ní oríta, ó lu agogo, ó ké: "Veruko mal tánda, hesh múrino."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé oríkì ọba ni. Wọ́n gbé ọkọ́ wọn, wọ́n kọrí sí odò. Ẹni tó ṣíwájú wọn ni Wúràọlá, ìyá Fọláwẹ̀, ó ru abọ́ kókò lọ sí ọjà òdìkejì.

Fọláwẹ̀ wo akéde, bóyá yóò tún un ké ní Yorùbá. Ọdún méjìlélógún ni akéde yín ti wà lẹ́nu iṣẹ́, kò sì fẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Akéde yín dákẹ́. Kábíyèsí ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún yín: akéde yín dákẹ́.

Fọláwẹ̀ já agogo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì sáré. Ó ń lù ú, ó ń ké ní Yorùbá pé, "Màámi, ẹ dúró! Afárá ti wó!"

Ìyá ti gbé ẹsẹ̀ kan lé pákó. Ó dúró, ó yíjú padà, pákó náà sì já lábẹ́ ẹsẹ̀ yẹn. Ó fìdí jókòó sórí koríko etí odò. Abọ́ kókò lọ, òun kò lọ.

Ní ọ̀sán, wọ́n kó gbogbo wọn wá sí ààfin. Kábíyèsí gbé ẹsẹ̀ lé àpótí.

"Fọláwẹ̀, o rú òfin."

"Mo rú u, Kábíyèsí."

"Ìyá rẹ ń bọ̀ wọlé. Báwo ni wọ́n ṣe ń sọ 'ẹ kú ewu' ní Salúmà?"

Fọláwẹ̀ ṣí ìwé rẹ̀, ó tún pa á dé. "Kò sí, Kábíyèsí. Lórí Òkè Iyọ̀, ẹni tó bá kó sínú ewu, ó lọ nìyẹn. Wọn kì í rí ẹni kí."

Nígbà tí ìyá wọlé, Kábíyèsí gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí àpótí. "Ẹ kú ewu, Màmá. Ewu iná kì í pa àwòdì."

Ìyá kúnlẹ̀. "A dúpẹ́, Kábíyèsí. Kókò mi nìkan ló lọ."

Nítorí náà, ẹ gbọ́ o!

Ìkíní: Yorùbá ni a ó máa fi kéde, Yorùbá tí ìyá àgbà lè fi etí kan gbọ́.

Ìkejì: tọkọtaya lè padà sí ìjà wọn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ dé.

Ìkẹta: kí ẹnikẹ́ni má gun afárá Àwẹ̀rẹ̀ títí káfíńtà yóò fi parí. Ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ ni kí ẹ gbà. Ẹni tó bá fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ kàn án, ìyà tẹlifíṣàn ṣì wà nílẹ̀.

Ìkẹrin: Fọláwẹ̀ kò bọ́ nínú ìyà. Ó ti jẹ ọjọ́ kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe pa ohùn tẹlifíṣàn tán ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ti gbogbo wọn, ti ọba, ti akéde, ti àdán. Àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀ wá jókòó. Kábíyèsí fúnra wọn ní kí wọ́n sún àga àwọn mọ́ ọn. A ti rí i pé ìyà kọ́ nìyẹn. A dárí ọjọ́ méjì tó kù jì í.

Ìkarùn-ún: èdè tí kò ní "ẹ kú" ṣe Kábíyèsí láàánú. Wọ́n ti pàṣẹ pé kí Fọláwẹ̀ hun ogójì ìkíni fún Salúmà, kí a fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe eré náà, ẹ̀bùn láti Ìrókòtẹ̀dó.

Ó ti hun ọ̀kan. Láàárọ̀ yìí, ìyá rẹ̀ ń bó iṣu lẹ́yìnkùlé nígbà tí Fọláwẹ̀ kúnlẹ̀ kí i pé, "Heshámi oru." Ìyá bèèrè ohun tó túmọ̀ sí. Ó ní, "Mo wò, mo rí i pé ẹ ṣì wà."

Ìyá gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó pe ọ̀rọ̀ náà, kò dún dáadáa. Ó tún un pè. Nígbà kẹta ó bọ́ sí i, ó sì ní, "Jókòó. Kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń dáhùn."

Agogo ti dákẹ́, ọ̀rọ̀ ti délé. Ẹni tó gbọ́ kó sọ fún ẹni tó sùn. Ẹni tó sùn, kó má sọ pé akéde kò kọjá.